Àgbàfipamọ́ Tí Kò Lówó Oṣù

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá wa, tí ó ń bọ́ wa, Ọba tí a ó padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìṣírò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Ẹ̀san. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ ọ́ fún ara mi kí n tó sọ ọ́ fún yín pé kí á páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ wa ní ọjọ́ Jímọ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí ó jọ ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n tí ó ti kan púpọ̀ nínú àwa tí a jókòó síbí. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn máa ń wá àwọn àgbà tí yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀ alámòójútó. Wọ́n ń pe ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń pe agbẹjọ́rò, wọ́n ń pe ìyá ọlọ́jà tí a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, wọ́n sì ń pe aáfà. Iṣẹ́ náà kò ní owó oṣù. Ìbéèrè náà nìyí: ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, ṣé ìṣírò rẹ̀ yóò le bíi ti ẹni tí a háyà? Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó lè sọ pé, "Ẹ ò kúkú sanwó fún mi"? Ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ sí mi létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, láti ẹnu àwọn ènìyàn rere tí n kò lè pè ní olè. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí ìgbìmọ̀ yìí jẹ́. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ni ó ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, àwọn ni ó ń kọ ìròyìn ohun tí ojú àwọn ará ìlú rí. Wọ́n ń gba owó oṣù, ó sì tọ́ sí wọn. Ìgbìmọ̀ wà lókè wọn. Ìgbìmọ̀ ni ó ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, tí ó sì lè dá a dúró. Òun ni ó ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó ọdún, tí ó ń yan ẹni tí yóò yẹ ìwé owó wò, tí ó sì ń pinnu ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ yóò gbé àti èyí tí agbára rẹ̀ kò ká. Òfin ilẹ̀ wa tí a ń pè ní CAMA, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, fi orúkọ ẹgbẹ́ àti dúkìá rẹ̀ sí abẹ́ àwọn alámòójútó tí a forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Wọn kò gbọdọ̀ pín owó ẹgbẹ́ láàárín ara wọn. Bí ìwà ìbàjẹ́ tàbí ìṣàkóso burúkú bá hàn, òfin náà fún àjọ yẹn ní agbára láti dá wọn dúró, kí a sì fi ẹlòmíràn sípò fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ó rántí ariwo tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pa lórí òfin yìí. Àwa náà kò yọ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé mọ́sáláṣí tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin wà ní abala kan náà pẹ̀lú wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn òyìnbó ni ó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wá bá wa. Kí Ọlọ́hun tó gbé Ànábì wa dìde, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ọkùnrin kan láti Zabīd ní ilẹ̀ Yemen kó ọjà wá sí Mọ́kà. Al-Āṣ ọmọ Wā'il, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ ìlú, ra ọjà náà, ó sì kọ̀ láti sanwó. Àlejò ni ọkùnrin náà. Kò ní ẹbí níbẹ̀, kò sì ní alágbàwí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ sá tọ̀ lé e sẹ́yìn nítorí ipò al-Āṣ. Nígbà tí oòrùn ń yọ, ó gun òkè Abū Qubays, ó sì ké sí àwọn Kùráyíṣì níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́bàá Kaaba. Az-Zubayr ọmọ Abdul-Muṭṭalib, tí ó jẹ́ arákùnrin bàbá Ànábì, ni ó dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n pàdé nínú ilé Abdullāh ọmọ Jud'ān, ó se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì búra pé àwọn yóò ṣù mọ́ ẹnikẹ́ni tí a bá ṣe àbòsí sí ní Mọ́kà, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú tàbí àlejò, títí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò fi padà sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde lọ bá al-Āṣ, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà fún un. Ìyẹn ni àwọn onítàn ń pè ní Ḥilful-Fuḍūl.

Ànábì wa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó di Òjíṣẹ́, ó jẹ́ kí a mọ̀ pé òun kò ní gba àwọn ràkúnmí pupa ní pàṣípààrọ̀ ìjókòó yẹn, àti pé bí a bá pe òun sí irú rẹ̀ nínú Islām, òun yóò jẹ́ ìpè náà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó pàdé kì í ṣe mùsùlùmí, ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ kì í ṣe ẹbí wọn, ẹni tí wọ́n dojú kọ ni ọmọ ìlú wọn. Kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ fún wọn. Wọ́n sì ṣe é parí. Wọn kò túká nígbà tí oúnjẹ Ibn Jud'ān tán nínú àwo. (Ìpàdé òde òní tí kì í kọjá orí oúnjẹ kò níye.)

Nítorí náà, ẹni tí a bá pè sí irú iṣẹ́ yìí, sunnah ni a pè é sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ohun tí ó tẹ̀lé ìpè náà.

Ẹ jẹ́ kí á lọ sínú Sūratu Yūsuf. Ànábì Yūsuf wà nínú ẹ̀wọ̀n láìṣẹ̀. Ó túmọ̀ àlá fún ẹni méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, ó sì bẹ ẹni tí ó mọ̀ pé yóò jáde pé kí ó bá òun dárúkọ òun lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Āyah 42 sọ fún wa pé èṣù mú kí ó gbàgbé, Yūsuf sì wà nínú ẹ̀wọ̀n fún ọdún mélòó kan sí i. Àwọn onímọ̀ kan túmọ̀ ìgbàgbé yẹn lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n āyah 45 jẹ́rìí pé ìgbà pípẹ́ kọjá kí ọkùnrin náà tó rántí. Ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Kò purọ́ mọ́ Yūsuf. Kò gba rìbá láti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. A kò háyà rẹ̀. Oore ni a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe. Ó jáde, ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbé ọtí fún ọba, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri sì bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ọdún tí ó gbàgbé yìí, Yūsuf ni ó fi ẹ̀wọ̀n san án.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1961, agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Peter Benenson kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn The Observer ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àwọn tí a fi sẹ́wọ̀n nítorí èrò ọkàn wọn. Àkọlé tí ó fún un ni Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Tí A Gbàgbé. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ àkọlé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ Yūsuf gan-an ni. Ìpolongo ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Amnesty International ti jáde, tí ó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní ọdún 1977. Iṣẹ́ wọn nígbà náà kò ju pé kí ènìyàn jókòó sílé rẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà sí ìjọba tí kò mọ̀ ọ́n rí, nítorí ẹlẹ́wọ̀n tí kò bá pàdé rí. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jà fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Gani Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, mùsùlùmí, tí àwọn ìjọba ológun tì mọ́lé lẹ́ẹ̀kan lé lẹ́ẹ̀kan, wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ náà kà sí ẹlẹ́wọ̀n ẹ̀rí-ọkàn. Nílé níbí náà, a dá Civil Liberties Organisation sílẹ̀ ní ọdún 1987, Committee for the Defence of Human Rights sì tẹ̀lé e ní ọdún 1989 pẹ̀lú Dókítà Beko Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bí aṣáájú. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láyé ìgbà náà mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lè jẹ́ owó oṣù wọn. Kò sí ẹni tí ó wá síbẹ̀ nítorí kí a lè ka orúkọ rẹ̀ níbi ayẹyẹ.

Ní báyìí, kí ni ìdájọ́ sharī'ah lórí ẹni tí ó gba àgbàfipamọ́ láìgba owó? Nínú Sūratun-Nisā'i, āyah 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á dá àgbàfipamọ́ padà fún àwọn tí ó ni ín. Àṣẹ náà kò ya ẹni tí a sanwó fún sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ fiqh sì ṣe àlàyé tí ó kún fún àánú àti òdodo lórí rẹ̀. Bí mo bá kó owó mi fún ọ láti bá mi tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, tí olè fọ́ ilé rẹ lóru, tí ó sì kó o pẹ̀lú tìrẹ, o kò jẹ mí ní gbèsè. Ọwọ́ rẹ jẹ́ ọwọ́ ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ohun méjì lè sọ ọ́ di onígbèsè. Èkíní ni ìkọjá-ààlà, tí wọ́n ń pè ní ta'addī: pé o fi ọwọ́ kan ohun tí a kò yọ̀ǹda fún ọ. Èkejì ni tafrīṭ, èyí tí í ṣe àìbìkítà: pé o fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, o sì lọ sí òde ìyàwó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìkọjá-ààlà ni gbogbo wa máa ń bẹ̀rù. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ ìgbìmọ̀ kan kó owó jẹ, a ó pariwo. Tafrīṭ kì í ní ariwo. Ọmọ ìgbìmọ̀ tí a fi ìwé ìṣírò owó ránṣẹ́ sí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé, tí ó ṣí i nígbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì na ọwọ́ sókè nítorí pé àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ọwọ́, ilẹ̀kùn ni ó fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ó bá kà á, tí ó béèrè, tí ó fi ọgbọ́n rẹ̀ pinnu, tí ìpinnu náà sì wá yọrí sí àdánù, a kò ní dá a lẹ́bi. Hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá sọ fún wa pé adájọ́ tí ó bá sa ipá rẹ̀ tí ó sì ṣàṣìṣe ṣì ní láàdá kan. Láàdá yẹn wà fún ẹni tí ó sa ipá. Kò sí ibi tí a ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni tí ó sùn.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ kan tí ọlọ́pàá kó ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn mìíràn ní òpópónà rẹ̀. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kí a gbé ẹni tí a mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, tàbí ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí kóòtù bá rí ìdí fún ju ọjọ́ méjì náà lọ. A kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tí a sì gbé e dé kóòtù, ẹ̀sùn ìdigunjalè ni wọ́n kà sí i lọ́rùn níwájú adájọ́ májísíréètì tí kò ní agbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti máa retí. Kì í ṣe òun nìkan: ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa tí a kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Agbẹjọ́rò wọn fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ béèlì lọ sí kóòtù gíga, ó sì nílò owó díẹ̀ tí òfin ẹgbẹ́ náà ní ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

Ìgbìmọ̀ ní láti jẹ́ ènìyàn márùn-ún kí ìpàdé tó lè wáyé. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹni mẹ́ta wá. Àwọn yòókù wà níbi ìsìnkú. Wọ́n sún un síwájú oṣù kan. Ní èkejì, ìgbéyàwó wà. Ní ẹ̀kẹta, ẹni méjì ti wọ bààlúù lọ kí ọmọ wọn ní ìlú òyìnbó, wọn kò sì sọ fún akọ̀wé. Ìyá ọmọ náà ń ta ẹja. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun, tí ó ń bi mí bóyá àwọn bàbá yẹn ti pàdé. Oṣù keje ni ọmọ náà jáde. Ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti di títà. Mo mọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà: kò sí ẹni tí ó kó kọ́bọ̀ nínú wọn. Owó tí agbẹjọ́rò béèrè kò tó iye tí àwọn kan nínú wọn ná sórí aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó yẹn. Bí ẹ bá bi mí bóyá wọ́n jẹ ọmọ yẹn ní ohun kan, ìdáhùn mi ni pé wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tí ó gbàgbé Yūsuf náà kò jí kọ́bọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ "Ẹ ò kúkú sanwó fún mi." Ẹni tí kò gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ti sọ fún Ọlọ́hun pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun yóò ti gba owó iṣẹ́ òun. Ṣé ó wá fẹ́ kí Ọlọ́hun sanwó fún iṣẹ́ tí kò ṣe? Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìdáhùn sí ìyẹn jù mí lọ.

Irú àìbìkítà kan tún wà tí ó máa ń wọ aṣọ ìbọ̀wọ̀fúnni. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ni ẹnìkan dá sílẹ̀ pẹ̀lú òógùn ara rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì wá yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò: àbúrò rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, aáfà rẹ̀. Ta ni nínú wọn tí yóò bi í léèrè? Nítorí ojú, gbogbo wọn á dákẹ́. Amnesty tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà bá irú rẹ̀ pàdé. Láàárín ọdún 1966 sí 1967, Benenson fi ẹ̀sùn kàn pé àwọn amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú ẹgbẹ́. Lẹ́nu ìjà náà ni ó hàn síta pé owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti ń gba ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ kọjá ní ìkọ̀kọ̀, fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti ẹbí wọn ní Rodéṣíà, tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí. Owó ìrànlọ́wọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹgbẹ́ tí ń bá ìjọba wí ṣe lè gba owó ìjọba lábẹ́lẹ̀? Ní oṣù kẹta ọdún 1967, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà pàdé ní ìlú Elsinore ní ilẹ̀ Denmark. Benenson fi ipò sílẹ̀, wọ́n sì pa ipò ààrẹ tí ó wà rẹ́. Ẹ ronú lórí bí ó ti ṣòro tó: àwọn tí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, tí wọn kì bá tí wà nínú yàrá yẹn bí kò bá sí òun, ni ó ní láti ṣe èyí. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní, òun náà sì tún padà bá wọn ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Āyah 135 nínú Sūratun-Nisā'i ní kí á dúró ti òdodo, ìbáà jẹ́ lòdì sí ara wa, tàbí àwọn òbí wa, tàbí àwọn ẹbí wa. N kò mọ ibòmíràn tí āyah yìí ti wúlò tó yàrá ìpàdé.

Lórí ọ̀rọ̀ jíjẹ níbẹ̀, n kò ní pẹ́. Sūratun-Nisā'i kan náà, āyah 6, sọ fún alágbàtọ́ ọmọ òrukàn pé bí ó bá ní tirẹ̀, kí ó mú ojú kúrò. Bí ó bá jẹ́ aláìní, kí ó jẹ níwọ̀nba tí ó tọ́. Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) fi ara rẹ̀ wé alágbàtọ́ ọmọ òrukàn nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìṣúra àwọn mùsùlùmí. Nítorí náà, owó ọkọ̀ fún ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó ti ìlú mìíràn wá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ fún ẹ̀gbọ́n alága ní iṣẹ́ títẹ ìwé ẹgbẹ́ láìbéèrè iye lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí kí ẹni tí ń ta ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ fi àgbò ọdún ránṣẹ́ sí akápò, ẹ rántí Ibnul-Lutbiyyah. Ó lọ gba sàká, ó padà dé, ó ya apá kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tí a fún òun. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gun mínbárì lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì béèrè bóyá ẹ̀bùn yẹn ì bá wá bá a bí ó bá jókòó sí ilé bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tún lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná owó tí kò jẹ. Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé owó tí Amnesty san fún ọ̀gá àgbà rẹ̀ tí ó kúrò lé ní 500,000 pọ́n-ùn, owó oṣù wà nínú rẹ̀. Inú bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń dá owó díẹ̀díẹ̀, a sì ní láti pe ẹni òde kan kí ó wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Mo gbà pé àwọn tí ó fọwọ́ sí i ní àlàyé ti wọn. Síbẹ̀, àlàyé tí a kò lè ṣe lójú ẹni tí ó dá owó yẹ kí ó ti kó ìyọnu bá wa kí a tó fọwọ́ sí ìwé.

Ta ni ó wá yẹ kí a yàn? Abū Dharr wà lára àwọn sàábé tí ó jẹ́ olóòótọ́ jù. Nígbà tí ó béèrè ipò, Ànábì fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́ pé aláìlágbára ni fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àgbàfipamọ́ ni, àti pé àbùkù àti àbámọ̀ ni yóò jẹ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde àfi fún ẹni tí ó bá gbà á bí ó ti tọ́, tí ó sì ṣe ojúṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ, kì í ṣe pé Abū Dharr kò mọ ìrun kí. Yūsuf ní tirẹ̀, nígbà tí ó jáde nínú ẹ̀wọ̀n tí ó sì béèrè ilé-ìṣúra lọ́wọ́ ọba, ohun méjì ni ó fi ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀: pé òun jẹ́ olùṣọ́, àti pé òun jẹ́ onímọ̀. Àwa máa ń yan alhájì tí tẹ̀sùbáà rẹ̀ gùn, tí kò sì mọ bí a ti ń ka ìwé ìṣírò owó, tí kò sì fẹ́ kọ́ ọ. Ìyá tí ó ń ta aṣọ ní ọjà fún ogún ọdún, tí owó rẹ̀ kì í sọnù, lè wúlò níbẹ̀ jù ú lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè ọ́, béèrè ìwé òfin ẹgbẹ́ náà kí o kà á. Béèrè ìgbà tí a yẹ ìwé owó wọn wò kẹ́yìn, àti ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Béèrè ọjọ́ ìpàdé fún ọdún kan, kí o fi wé ọjọ́ rẹ. Bí àyè kò bá sí, kíkọ̀ rẹ kì í ṣe àìlóore, oore gidi ni o ṣe fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri. Ẹnìkan bi mí pé bí ẹgbẹ́ náà bá tún ń gbèjà ohun tí ẹ̀sìn wa kò gbà ńkọ́? Sọ ọ́ ní ìpàdé, kí a kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé o kò fara mọ́ ọn; bí ọkàn rẹ kò bá tún gbà, fi ipò sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó dára. Èyí tí n kò lè fún ọ ní àṣẹ rẹ̀ ni kí o jókòó síbẹ̀ kí o máa bínú, kí o máa pa ìpàdé jẹ, kí ẹjọ́ àwọn tí a ṣe àbòsí sí sì máa jókòó pẹ̀lú rẹ.

Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa gba àyè ẹlòmíràn. Ní ìparí āyah alágbàtọ́ tí mo mẹ́nu bà, Ọlọ́hun ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n bá ń dá dúkìá ọmọ òrukàn padà fún un. Ìwé, kọ́kọ́rọ́, orúkọ rẹ ní báńkì, gbogbo rẹ̀ ni kí o dá padà lójú àwọn mìíràn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn alámòójútó mọ́sáláṣí wa náà kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣírò owó ọdún tí ó kọjá yóò wà lára ògiri lẹ́bàá ibi àlùwàlá láti ìrun Alásárì ọ̀la. Ẹ kà á, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò bá yé yín. Àwọn tí a tì mọ́lé láìṣẹ̀, tí ìyá wọn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí Ọlọ́hun Ọba tí kì í gbàgbé yọ wọ́n, kí ó sì rán àwọn tí yóò rántí wọn sí wọn. Āmīn.